Ta Ló Ń Wo Epo Tí Wọ́n Ń Kó Wọ Tema?

Bí ọ̀rọ̀ TOR, ilé iṣẹ́ ìfọpo Tema, bá ti délẹ̀ ní Accra, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi ìjọba: ìgbà wo ni yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ gan-an? Ní tèmi, irú epo rọ̀bì tí wọ́n fẹ́ dà sínú rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀, àti ẹni tó ni ín.

Ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un gbòòrò sí i, agba epo 45,000 ni agbára rẹ̀ láti fọ̀ lóòjọ́. Ohun tó níye lórí jù níbẹ̀ ni ẹ̀rọ RFCC tí wọ́n fi kún un ní 2002. Ẹ̀rọ yìí lè gba agba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo 14,000 lóòjọ́, kó sọ ọ́ di bẹntiróòlù àti gáàsì ìdáná. Kátálíìsì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ìyẹ̀fun kan tó ń mú kí epo tó ki fọ́ sí wẹ́wẹ́. Vanadium, irin kan inú epo rọ̀bì, àti iyọ̀ tí wọn kò yọ kúrò dáadáa a máa pa á. Níkẹ́lì ní tirẹ̀ a máa sọ ohun tí ì bá di bẹntiróòlù di èédú lásán.

Tema ṣì rí ọ̀nà gbé e gbà, torí wọ́n lè máa bu kátálíìsì tuntun sí RFCC bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ti hydrocracker, ẹ̀rọ mìíràn tó ń fọ́ epo, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ìfọpo SIR ní ní Abidjan, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí kátálíìsì inú rẹ̀ bá kú, àfi kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lo irú ẹ̀rọ yìí kì í sábà gbà kí níkẹ́lì àti vanadium ju míligíráàmù kan tàbí méjì lọ nínú kílógíráàmù epo kan.

Àwọn onímọ̀ Tema mọ gbogbo èyí. Owó ló ń dí wọn lọ́wọ́. Ọdún 2003 ni ìjọba ti gbé owó orí lé epo nítorí gbèsè TOR, síbẹ̀ owó epo rọ̀bì kò tó, ni wọ́n bá ń bá oníṣòwò ṣe àdéhùn: ẹ kó epo yín wá, a ó bá yín fọ̀ ọ́, ẹ san owó iṣẹ́. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ìyá oníkẹ́nkẹ̀ tó gbé àgbàdo olókùúta dé ọ̀dọ̀ ọlọ́lọ yóò gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọlé. Ọlọ́lọ ni yóò ra ọlọ tuntun. Ọlọ́lọ tí ebi sì ń pa, ṣé ó lè lé oníbàárà?

Ẹnìkan lè sọ pé epo Jubilee tí Ghana ń wà láti 2010 mọ́, imí-ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó de oníṣòwò mọ́ Jubilee. Èyí tó bá pọ́ọ́kú ni yóò rà.

Kí National Petroleum Authority, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo, pàṣẹ pé kí wọ́n gbé àbájáde àyẹ̀wò epo síta kí ọkọ̀ tó já ẹrù. Kí ìwọ̀n vanadium, níkẹ́lì àti iyọ̀ wà nínú àdéhùn, kí ẹni tó bá kọjá rẹ̀ sì san owó kátálíìsì. Oníṣòwò tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó máa gbé epo rẹ̀ lọ.