Iye Tí Kò Sí Lójú Tíkẹ́ẹ̀tì

Lónìí, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí ó kan àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé, ó sì kan àwọn òbí tí ń wá owó rẹ̀.

Láti Kútọnu, ọkọ̀ òfuurufú tí kò yà síbì kan ń dé Paris ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Èyí tí ó bá gba Addis Ababa yóò kọ́kọ́ fò lọ sí ìlà-oòrùn kí ó tó yí padà. Owó rẹ̀ lè kéré, ṣùgbọ́n oúnjẹ, ìdúró àti àárẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù, a kò ka ẹrù ńlá mọ́ ọn. Ta ni nínú wa tí í rìnrìn-àjò láìgbé gàrí àti ẹ̀bùn dání? Bí físà bá sì pẹ́, owó irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà wá.

Àwọn mìíràn a máa gba Igolo kọjá sí Ìdí-Ìrókò, kí wọ́n lè wọkọ̀ ní Èkó. Ẹbí kan ni wá ní ìhà méjèèjì, a sì ń kọjá bí ẹni ń lọ sí ojúlé kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù ní ẹnubodè lè ko wàhálà ní pápákọ̀. Nàìjíríà tún wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ìlú Schengen ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ wọn, àní bí ó bá ṣe pé ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ní pápákọ̀, àfi ẹni tí ó ní ìwé tí ó yọ ọ́ sílẹ̀. Benin kò sí nínú àkójọ àjùmọ̀ní wọn náà. Nítorí náà, tíkẹ́ẹ̀tì tí ó rọ ẹ̀gbọ́n lọ́rùn lè há àbúrò mọ́nà.

Ẹ má sì fi ìwọ̀n ẹrù ṣeré. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó ń lọ sí Beirut já sétí òkun Kútọnu, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 130 lọ. Ìwádìí fi hàn pé ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọn awakọ̀ kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Ẹ kọ owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹrù, ọ̀nà, oúnjẹ àti físà sílẹ̀, kí ẹ ròó pọ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá ṣì jẹ́ ọ̀pọ̀, ẹ rà á.