Èpè Kì Í Bẹ̀rù Aṣọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó tí mi ò lè gbà. Bí ojú ẹni tó ti ń lo oògùn ọpọlọ tipẹ́ bá dúdú bí aró, a ó ní ayé ló ń ṣe é. Kíá, oògùn di àdánù, ó di ilé alágbo tàbí orí òkè àdúrà. Irọ́ ni, ó sì ń ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Oògùn tí ẹ mọ̀ sí Largactil, chlorpromazine lórúkọ rẹ̀ gan-an. Láti 1952 ni wọ́n ti ń fi tọ́jú alárùn ọpọlọ, ó sì ti tú ọ̀pọ̀ sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá lò ó púpọ̀ fún ọdún gbọọrọ, ó lè kó sínú awọ, oòrùn á sì sọ ibẹ̀ di dúdú: ojú, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ ṣí aṣọ rẹ̀, ẹ wo ikùn rẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Èpè wo ló ń mọ ibi tí aṣọ bò?

Ó tún lè kó sí iwájú ẹyinjú bí eruku wẹ́wẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, aláìsàn ò ní mọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ní òun ò ríran dáadáa mọ́.

Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o! Àìsàn ọ̀hún lè padà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má fi ìpara abóra kùn ún. Ẹ fún un ní akẹtẹ̀, agboòrùn àti aṣọ alápá gígùn. Kó ṣe iṣẹ́ oko láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ mú un padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ bi í: ṣé a lè dín oògùn yìí kù? Ṣé a lè pààrọ̀ rẹ̀? Ta ni yóò yẹ ojú rẹ̀ wò? Dókítà ojú wà ní Òṣogbo, ó wà ní Wesley Guild ní Iléṣà.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi náà, ẹ gbọ́: ká máa kọ oògùn kan náà sí káàdì lọ́dọọdún láìwo ojú ẹni tó ń lò ó, ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ẹnì kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá nítorí ọ̀rọ̀ yìí.