Ẹbí Edé Tí Ojú Kò Fi Bẹ́ẹ̀ Rí

Kí ẹnìkan bu omi ọ̀sà létí Creek Road nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó dà á sínú ife dígí, kó gbé e sójú oòrùn. Bó bá fara balẹ̀ wò ó, ó lè rí àwọn nǹkan bíńtín kan tó ń ta kiri nínú rẹ̀. Á kọ́kọ́ rò pé eruku ni. Eruku wo ló ń fò sókè, tó ń fò sódò fúnra rẹ̀? Ẹ̀dá alààyè ni wọ́n, ẹbí edé àti akàn sì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Copepod lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ wọ́n. Edé bíńtín ló rọrùn fún ẹnu jù.

Ṣé ẹ mọ̀ pé lókè òkun, owó ni wọ́n fi ń ra edé bíńtín? Bẹ́ẹ̀ ni o. Àwọn olówó Amẹ́ríkà àti Jámánì tó ń sin ẹja òkun sínú àpótí dígí ní pálọ̀ wọn, inú ìgò ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á dà á sínú àpótí náà. Á máa jẹ ìdọ̀tí àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, ẹja náà á sì máa fi òun alára ṣe oúnjẹ. Àmọ́ irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ ọ̀tá: iyùn tó wà láàyè nínú àpótí ló ń jẹ lára. Kí olówó tó fura, iyùn ti ń kú lọ. Ohun tí wọ́n ń fi owó rà lọ́hùn-ún, ọ̀fẹ́ ni ní Àpápá, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́.

Sáwá nìkan ló mọ iyì rẹ̀. Bí sáwá bá ya ẹnu nínú omi, edé bíńtín wà lára ohun tó ń sẹ́ jẹ. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja Boundary tẹ́ ẹ ń fi sáwá jẹun, tẹ́ ẹ fi ń san owó ilé ìwé ọmọ, ibẹ̀ ni ọjà yín ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n C. I. O. Olaniyan ti Yunifásítì Èkó tẹ ìwádìí jáde ní 1969 lórí bí àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú ọ̀sà ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń pọ̀, tí wọ́n ń dín, bí àkókò ṣe ń yí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á ti òkun wọlé, àwọn ará òkun á bá a wọlé. Bí òjò bá dé, omi odò á lé iyọ̀ padà, àwọn náà á kó ẹrù wọn. Ọ́ìlì dúdú àti ìgbẹ́ tí wọ́n ń dà sínú gọ́tà ńkọ́? Ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ.

Ẹbí edé mìíràn wà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń bú lójoojúmọ́. Òun ni ohun líle funfun bí eyín tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ àti òpó afárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹbí ìgbín ni. Irọ́ ni, ẹbí edé ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Bó bá dàgbà díẹ̀, á wá ibi líle kan, á fi orí lẹ̀ mọ́ ọn, á kọ́ ilé yí ara rẹ̀ ká, á sì dorí kodò títí ọjọ́ ikú, á máa fi ẹsẹ̀ kó oúnjẹ sẹ́nu. Ní 1966, Sandison àti Hill tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀, bí iyọ̀ omi ṣe ń pinnu ibi tó ń gbé ní èbúté Èkó àti àwọn ọ̀sà tó yí i ká. Àwọn àgbà kò sì tíì gbàgbé 1975, nígbà tí ọkọ̀ òkun lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún kó sìmẹ́ńtì dé Èkó, tí wọn kò ráyè já a. Wọ́n dúró fún oṣù mélòó kan. Ọkọ̀ tó bá dúró bẹ́ẹ̀ nínú omi gbígbóná, àlejò á kọ́lé sí i nídìí. Sìmẹ́ńtì ti àlejò yìí kò tiẹ̀ nílò oòrùn, inú omi ló ti ń gan.

Tirẹ̀ kò burú tó ti èkejì rẹ̀. Ohun tí èyí ń ṣe kò ju pé ó ń mú ọkọ̀ wúwo, tí ẹ́ńjìnì á fi máa mu bẹntiróòlù. Sphaeroma ni wọ́n ń pe èkejì, kò gùn ju èékánná lọ. Bẹ́ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù. Igi ló ń lu nínú omi, kì í sì í ṣe pé ó ń jẹ igi náà, ilé ló ń wá! Nítorí àtisùn rẹ̀, pákó ìdí ọkọ̀ á dà bí asẹ́. Ojú kì í rí i, nítorí abẹ́ omi ló wà. Èrò á wọ ọkọ̀ tọmọtọmọ, wọ́n á rò pé pákó ni wọ́n jókòó lé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, kó ní kí wọ́n fà á gun ilẹ̀, kó fi ìṣó gún ìdí rẹ̀ níbi tí omi máa ń dé. Bí ìṣó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, kó gba owó rẹ̀ padà jàre.

Ti omi mímu ló le jù. Edé bíńtín olójú kan wà nínú omi adágún àti kànga, kì í ṣe nínú omi iyọ̀. Òun ló ń gbé ọmọ sòbìà. Ẹni bá mu ún mọ́ omi, lẹ́yìn bí ọdún kan, aràn tó lè gùn tó mítà kan á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní 1988, àwọn tó ní in lé ní 650,000. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi àti oògùn tí wọ́n ń dà sódò ló lé e lọ. Ẹni ìkẹyìn tó ní in, ọdún 2008 ni. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán.

Onígbáméjì ò tíì tán ní tirẹ̀. Èkó tún rí i ní 2024. Kòkòrò àrùn yẹn fẹ́ràn omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ jù, ara edé bíńtín ló sì máa ń lẹ̀ mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lára ẹyọ kan. Omi tí wọ́n bá sè, tó hó dáadáa, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Bangladesh, níbi tí igi ìdáná ti wọ́n, Rita Colwell ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin abúlé pé kí wọ́n ṣẹ́ aṣọ sari wọn ní ìṣẹ́po mẹ́rin, ó kéré tán, kí wọ́n dì í mọ́ ẹnu ìkòkò kí wọ́n tó pọn omi. Edé bíńtín á há sára aṣọ, àrùn á há mọ́ ọn. Ìwádìí náà jáde ní 2003: onígbáméjì dín kù ní abúlé wọ̀nyẹn ní ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Sari tuntun kò sì ṣe é tó èyí tó ti gbó, tí wọ́n ti fọ̀ láìmọye ìgbà, nítorí òwú ògbólógbòó ti wú, ihò àárín rẹ̀ sì ti kéré.