Ta Ni Onílé Wọn?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Òwe yìí kò ṣòro fún ẹni tó ní ilé. Ó ti oko dé, ó ju àdá sílẹ̀, wọ́n bu omi fún un, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilé ńkọ́? Níbo ni òun yóò bọ̀ sí? Òwe náà kò dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń bẹ láàárín wa. Ẹni tó bá gba Tákìé kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, tí àwọn ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́, yóò rí i: àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tẹ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti wà ní títì, ẹnì kan tó ká jọ sórí rẹ̀, ike omi kan, àti báàgì tó fi ṣe ìrọ̀rí. Bó bá jẹ́ Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni, abẹ́ àtíbàbà tí ìyá aláta fi sílẹ̀ lọ sílé ni yóò ti rí ẹlòmíràn. Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbá, wọ́n á ti dìde, nítorí ẹni tó ni ìsọ̀ kò ní í fẹ́ bá wọn níbẹ̀.

Àwa tí à ń fún wọn ní náírà mélòó kan lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, a rò pé a ti ṣe tiwa. Èmi sọ pé a kò tíì ṣe é. Kì í ṣe àìlówó nìkan ló sọ wọ́n di ẹni ojú títì. Ọ̀pọ̀ tálákà ló wà ní Ọ̀yọ́ tó ń sùn nílé bàbá rẹ̀. Ènìyàn ni àwọn wọ̀nyí kò ní: ẹni tí a lè tọ́ka sí pé òun ni onílé wọn, ẹni tí yóò bá wọn dáhùn bí ọlọ́pàá bá dé, tí yóò fura bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò gbúròó wọn. Ẹni tí kò ní baba nígbẹ̀ẹ́jọ́, bó rojọ́ àre, ẹ̀bi ni yóò jẹ. Bó o fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó, yóò ná an tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ibi tó sùn lánàá náà ni yóò sì padà sí.

Àwọn baba wa mọ èyí. Bí àlejò bá wọ̀lú láyé ìjọ́un, wọ́n á kí i káàbọ̀, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ṣe kókó: "Ta ni onílé yín?" Bó bá dárúkọ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ bùṣe, ọmọdé kan á mú un dé agboolé náà. Bí kò bá mọ ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ baálé kan tàbí ìjòyè kan ni wọ́n á mú un lọ, ẹni yẹn á sì di onílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá jẹ gbèsè, onílé ni wọ́n ń bi; bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, onílé ní í gbèjà rẹ̀. Àwọn ọba ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ pàápàá kì í ṣàdédé já wọ ààfin. Olúkúlùkù ní bàbá kékeré láàárín àwọn ìjòyè, ẹni tó ń bá a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú Aláàfin. Bí ọba aládé bá nílò ẹni tí yóò dúró fún un nílùú onílùú, kí la fẹ́ sọ nípa ìyá arúgbó tó ń sùn ní Àkẹ̀sán?

Ìlú tí à ń gbé yìí gan-an, ta ló tẹ̀ ẹ́ dó? Ọ̀yọ́ òní kì í ṣe Ọ̀yọ́ Ilé. Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ọmọ ọba àti ẹrú jọ di ìsáǹsá. Àgọ́ Ọ̀jà, ìlú onílùú, ni Àtìbà ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ti rí àyè jókòó, ibẹ̀ ló ti jọba, tó sì sọ ọ́ di Ọ̀yọ́. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, kò fi bò pé agbára ni Àtìbà fi kó àwọn ará Àkẹ̀ètàn, Àpáàrà, Àjàgbà àti àwọn ìlú mìíràn wá sínú ìlú tuntun náà. Nítorí náà n kò ní purọ́ pé ìfẹ́ nìkan ló kó wa jọ. Ṣùgbọ́n agboolé wo ló lè fọwọ́ sọ̀yà ní Ọ̀yọ́ pé àwọn kò fìgbà kan jẹ́ àlejò?

Ti Ògbómọ̀ṣọ́ tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ọdẹ tó wá tẹ̀dó sábẹ́ igi ni. Ìtàn sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ni ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń dààmú ìlú, tó sì gbé orí rẹ̀ wá fún ọba. Nígbà tí ogun Ìlọrin ń tú ìlú káàkiri lẹ́yìn náà, Ògbómọ̀ṣọ́ dúró, àwọn ará Ìkòyí àti ti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn sì sá wọ inú odi rẹ̀. Ọmọ ọmọ wọn ni à ń pè ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Mo mọ èsì tí ẹlòmíràn ti mú dání. Ìgúnnugún ṣoore, ó pá lórí. Àkàlàmàgbò ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀. Wọ́n á ní kí n rántí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó gba àlùfáà Àlímì sí Ìlọrin, tó sì kú lọ́wọ́ àwọn àlejò tó gbà. Wọ́n á ní Àgọ́ Ọ̀jà náà gba Àtìbà, lónìí ìlú Ọ̀jà ti di ìlú Àtìbà. N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sí ìdílé kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ìjàǹbá Ìlọrin kò kàn. Ṣùgbọ́n kí ni Àfọ̀njá ń wá lọ́dọ̀ Àlímì? Kò gbà á nítorí pé ebi ń pa á tàbí pé kò ríbi sùn. Àdúrà àlùfáà àti ọmọ ogun àjèjì ló ń wá, kó lè fi yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ Aláàfin. Àtìbà pẹ̀lú, ọmọ ọba tó ní jagunjagun lẹ́yìn ni. Ẹni tó gba ológun sílé kó lè bá òun jà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ogun ló háyà. Ẹ̀ṣẹ̀ Àfọ̀njá kò yẹ kó wá sórí arúgbó tó ń wá ibi tí yóò fi orí lé.

Ẹ̀rí tó súnmọ́ wa jù pé onílé ní í sọ àlejò di ènìyàn kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti pẹ́ ní Gánà, láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Gold Coast. J. S. Eades, tó ṣe ìwádìí lórí àwọn Yorùbá ní àríwá Gánà, dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí pé wọ́n wà lára àwọn ìlú tí èrò ti lọ jù. Báwo ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀ ṣe ń di oníṣòwò? Ẹni ilé tó ti ṣáájú lọ ni onílé rẹ̀. Yóò máa sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò máa bá a ru ọjà lọ sí àwọn ọjà abúlé, títí yóò fi ní igbá ọjà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun náà á gba ọmọdé mìíràn.

Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Kí ni ènìyàn lè dì ní ọ̀sẹ̀ méjì? Ta ni yóò san owó ọjà tó gbà láwìn nígbà tó mọ̀ pé ẹni tó jẹ ní gbèsè ń lọ? Wọ́n ta ilé ní ọ̀pọ̀, wọ́n ta ọjà ní ìdajì owó, wọ́n wọ ọkọ̀ gba Tógò àti Dàhòmì bọ̀ wálé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gánà ni wọ́n bí àwọn ọmọ kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn sí. Wọn kò rí Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Àjèjì ni wọ́n níbi tí wọ́n ti ń lé wọn, àjèjì ni wọ́n níbi tí wọ́n ń bọ̀.

Kí ló gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ojú títì? Orúkọ agboolé bàbá rẹ̀ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dárúkọ ilé, wọ́n sì mú un lọ. Wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní igun kan nínú yàrá, wọ́n tẹ́ ẹní fún òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó há, ìjà orogun àti ti ìkòkò sì wà níbẹ̀, n kò ní pè é ní párádísè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ni wọ́n.

Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ti fún ní ọ̀sẹ̀ méjì rí mọ bó ti kúrú tó. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí fún àwọn ará Gánà tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì tiwọn, a sì wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sínú báàgì onílà pupa àti búlúù tí orúkọ rẹ̀, Ghana-Must-Go, kò kúrò lẹ́nu wa títí dòní. Àwọn kan nínú wọn ló ń kọ́ ọmọ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí pé àwọn ìlú tí wọ́n lé ọmọ wọn kúrò ní Gánà kò figbe ta fún wọn.

Àwọn ọba wa gan-an ti jẹ́ àlejò rí. Ṣọ̀ún Jimoh Oyèwùmí, Àjàgungbádé kẹta, tó lo ipò láti 1973 dé 2021, òwò ló ń ṣe ní Òkè Ọya kó tó gorí ìtẹ́. Ọba Ghandi Ọláoyè tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti ń ṣe pásítọ̀. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá lọ sí irú ibẹ̀.

Kí ló wá yí padà? Owó wọ́n, lóòótọ́. Àmọ́ mo rò pé bí a ṣe ń kọ́lé náà wà níbẹ̀. Agboolé àtijọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlejò lè sùn síbẹ̀ láìwọ yàrá ẹnikẹ́ni, ojú gbogbo ilé sì wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ olè, ó ṣòro fún un láti jí ewúrẹ́ kó jáde. Fúláàtì tí à ń kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú báyìí, láti géètì ló ti bọ́ sí pálọ̀. Bó o gba àlejò, o ti gbà á dé ìdí tẹlifíṣọ̀n àti yàrá ọmọ rẹ obìnrin. Ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà búburú. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣí géètì rẹ̀ lóru fún ẹni tí kò mọ̀, pàápàá nígbà tí àwọn ajínigbé ń dá wa lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Sóka ní Ìbàdàn, oṣù kẹta ọdún 2014, níbi tí wọ́n ti bá àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú ilé àkọ́patì pẹ̀lú egungun òkú. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo wèrè pé gbọ́mọgbọ́mọ ni, ìyà sì jẹ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé lóòótọ́. Ibi tí ẹ̀rù gbé wa dé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ní ẹni tí yóò wá a ló rọrùn jù lọ láti gbé pamọ́. Ẹni tó ń sun iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Tákìé ló yẹ kí ẹ̀rù bà jù wá lọ.

Ìjọba máa ń kó wọn. Ní Ìbàdàn, wọ́n kó àwọn alágbe kúrò ní agbègbè Sábó àti Mọ́kọ́lá lọ sí Akínyẹlé. Èyí lè mú títì mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kó wọn kì í ṣe onílé wọn. Ohun tí nọ́ọ̀sì Ruth Kersey ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló wù mí jù: òyìnbó Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ni, ó ń gba ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn kú, orúkọ rẹ̀ ṣì ni ilé àwọn ọmọ náà ń jẹ́. Àjèjì ni òun gan-an, ó sì di onílé ọmọ wa.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ Ògbómọ̀ṣọ́ Parapọ̀, àwọn ìyálọ́jà Àkẹ̀sán, àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀ wa pé kí wọ́n yan onílé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń sùn níta. Kì í ṣe kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá wọn. Kí ìjọ kan tàbí agboolé kan ní, "Ti wa lẹni yìí." Bí ara rẹ̀ kò bá yá, àwọn ni yóò mú un dé ilé ìwòsàn. Bí orí rẹ̀ kò bá pé, àwọn ni yóò bá ọ́fíìsì Wẹ́fíà sọ̀rọ̀. Yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí tàbí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó fún ibùsùn. Fún àwọn Mùsùlùmí, èyí kò tiẹ̀ yẹ kó fa àríyànjiyàn, nítorí arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́ wà lára àwọn mẹ́jọ tí Kùránì ní kí wọ́n fún ní sàká. Bó bá jẹ́ ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe ẹni náà, onílé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, òun ni yóò sì bá a wí. Ẹni tó ju náírà sínú abọ́ rẹ̀ tó kọjá lọ kò lè mọ̀.

Kí wọ́n bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí Ajílété FM àti Parrot FM, bóyá ará ilé rẹ̀ kan yóò gbọ́. Owó ìkéde náà kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí à ń rà fún ìnáwó kan ṣoṣo.