Ẹ Sọ Ọjọ́ Orí Fóònù fún Wa Kí Ẹ Tó Gbowó

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ti owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ fóònù ni.

Ẹ wo Indomie, ẹ wo tòmátò inú agolo, ẹ wo mílíìkì. Gbogbo wọn ló ní ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́ lára. Bí NAFDAC bá ká èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá mọ́ wa lórí àtẹ, wọ́n á kó o lọ, wọn ò ní béèrè iye tí a rà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa, òun náà ní ọjọ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́.

Nínú gbogbo fóònù ńlá, ètò kan wà tó ń darí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ń jẹ́ Android. Ti iPhone ń jẹ́ iOS. Bí tuntun ṣe ń jáde ni wọ́n ń pa ti àtijọ́ tì. Wọn ò ní dí ihò tí olè lè gbà wọ inú rẹ̀ mọ́, WhatsApp àti áàpù báńkì náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Fóònù ò bàjẹ́ o! Iná rẹ̀ ń tàn, ó ń yàwòrán. Ṣùgbọ́n ọjà ti tì mọ́ ọn.

Ṣé ẹ rántí BlackBerry tí a fi ń ṣe fáàrí nígbà kan? Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é jáwọ́ nínú àwọn tó ń lo ètò tirẹ̀ àtijọ́, wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé yóò máa pe èèyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023, WhatsApp fi gbogbo Android tó wà lábẹ́ 5.0 sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó kan iPhone 5s àti iPhone 6.

A mọ ohun tí WhatsApp jẹ́ fún wa ní Ìlá. Oníbàárà wà ní Òṣogbo tàbí Èkó, ó fẹ́ ra epo. A ó ya epo ní fọ́tò, a ó fi ránṣẹ́, a ó ná an tán kí mọ́tò tó gbéra. Ará Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà kò ní láti wọ mọ́tò kó tó mọ iye tí a ń tà á. Lọ́jọ́ tí fóònù bá kọ̀, àwọn wọ̀nyí ò ní mọ̀ pé fóònù ló kọ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá yìí ò dá wa lóhùn mọ́," wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ló ń fi ìyà jẹ wá. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Títún ètò ọdún mẹ́wàá ṣe ń gba òṣìṣẹ́ àti owó. Ohun tó ń dùn wá ni pé ìkìlọ̀ wọn máa ń yọ lójú fóònù wẹ́rẹ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì tẹ̀ ẹ́ kúrò ká lè rí oníbàárà. Ní Ìlú Ọba, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan kí ilé-iṣẹ́ fóònù sọ títí di ìgbà wo ni yóò máa dí ihò olè inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá lò tán lọ́hùn-ún ń wá bá wa níbí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kì í bá a wá.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ta fóònù, ẹ̀yin là ń bá wí. Ẹ lẹ nọ́ńbà Android mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó. "Màámi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa" nìkan ò tó. Ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ ní kó ṣí Settings, kó wá About phone, kó ka nọ́ńbà tó wà níbi Android version sókè. Tó bá wà lábẹ́ 5, ẹ dá a padà fún un. Tó bá jẹ́ 5 tàbí 6, ọjọ́ rẹ̀ ti sún mọ́lé, kó bu owó lé e lórí kó yá. Ẹ sì kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé, kó wà nílé.

A fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbé e yẹ̀ wò nípàdé tó ń bọ̀: ẹni tó bá ta fóònù tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá fún ọmọ ẹgbẹ́ láìsọ, kó dá owó padà, bí àwa náà ṣe ń dá a padà fún ẹni tó bá bá kòkòrò nínú ẹ̀wà wa.