Ilé "Spanish" L'Ọ́jọ̀ọ́: Ta Ló Kọ́kọ́ Kọ́ Ọ?

Ẹni tó bá gba títì Àgbádárìgì dé Okokomaiko, tó yà sí Ìbà, kó gbójú sókè wo àwọn ilé tuntun. Òpó rìbìtì níwájú, ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, páànù pupa lórí. Bí wọ́n bá bi onílé, àyà rẹ̀ á wú: "Spanish style ni o! Òkè òkun la ti wò ó wá."

Ẹ̀yin ará, ẹ rọra! Iṣẹ́ yìí ti dé Èkó tipẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Potogí, àti Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, ni wọ́n mú un bọ̀ wálé lẹ́yìn ọdún 1800. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. Bíríkìlà àti kápẹ́ńtà gidi pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Àbẹ́ ò rí nǹkan? Àgùdà kọ́ mọ́ṣáláṣí! Ìdílé Campos tó ti Kúbà bọ̀ náà kọ́ Cuban Lodge sí òpópónà Odunlami.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni nìyí. Ìdílé Fernandez kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìta Tinúbú ní 1855. Alfred Omolana Olaiya rà á ní 1933, ayé sì mọ̀ ọ́n sí Ilojo Bar. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Sunday, September 11, 2016, katapílà wó o palẹ̀. Ilé tó lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́jọ dérùpẹ̀!

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló ń wó ilé bàbá ẹ̀, tó tún ń fowó ńlá ra àwòrán irú ẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì? Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí l'Ọ́jọ̀ọ́, bí ilé àtijọ́ bá ṣì kù lágbo ilé yín, ẹ pe bíríkìlà àgbà kó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó pe katapílà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sójú ewé lẹ́tà, káwọn ọmọ lè mọ̀ pé baba wọn kì í ṣe àjèjì sí ilé tó dára.