Àwìn Òwúrọ̀ Ló Ń Dí Kábúrétọ̀

Lọ́jọ́rú, tí ọjà Glazoué ní Benin bá kún, a ṣì máa ń rí Peugeot 504 mélòó kan láàárín ọkọ̀ tó ń kó iṣu, àgbàdo àti sóyà. Ọkọ̀ eré gidi ni láyé ọjọ́un: òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya ní 1975 àti 1978. Ọdún 1975 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Mẹ́káníìkì lè tú kábúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀ lábẹ́ igi, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ lọ́wọ́ wa.

Àìsàn rẹ̀ tó wọ́pọ̀ rèé: bó bá dúró, ẹ́ńjìnnì ń dún geere, bó bá gbé ẹrù kọjú sí òkè Dassa, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń wúkọ́, agbára tán. Ẹlòmíràn á sáré ra púlọ́ọ̀gì, á ra pọ́ọ̀ǹpù epo, ọkọ̀ á tún kú. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í tètè náwó. Á bu epo táǹkì sínú ìgò funfun, á gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ààlà láàárín òun àti epo. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ìdí kábúrétọ̀, níbi tí ìdọ̀tí ti sùn, yóò sì yọ jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ki wáyà bọ̀ ọ́ lè fẹ ihò náà, ọkọ̀ á sì máa mu epo ní àmujù.

Omi àti ìdọ̀tí yìí sábà máa ń bá kpayo, epo fàyàwọ́, wọlé. Kẹ́ẹ̀gì dé kẹ́ẹ̀gì ni epo náà ń gbà láti Nàìjíríà kó tó dénú ìgò létí títì. Owó ìrànwọ́ ìjọba Nàìjíríà ló mú kó pọ́kú tẹ́lẹ̀. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà tí kò tó 200 náírà ti lé ní 480. Owó kpayo náà fò sókè ní Benin.

Síbẹ̀ àwọn awakọ̀ ń rà á, mi ò sì lè bú wọn. Láàárọ̀, kí èrò tó wọkọ̀, owó kì í sí lọ́wọ́ awakọ̀. Ìyá tó ń ta kpayo mọ̀ ọ́n, ó sì lè tà á láwìn fún un. Ilé epo fẹ́ owó lójú ẹsẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kì í ṣe awakọ̀ nìkan ló ń jẹ gbèsè náà. Obìnrin tí iṣu rẹ̀ há sójú ọ̀nà títí ọjà fi tú kò ra epo kankan, àmọ́ ó pàdánù èrè ọ̀sẹ̀ kan.

Fílítà kékeré láàárín táǹkì àti pọ́ọ̀ǹpù á gba ìdọ̀tí dúró, ṣùgbọ́n omi á ṣì kọjá. Nítorí náà, ilé epo ni mo ń bẹ̀: ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ awakọ̀ ṣe onídùúró fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn, kí ó gba lítà mẹ́wàá láàárọ̀, kí ó san owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà.